Jíìpù Tí Mo Rà Nítorí Ojú Ìyá Mi

Èmi tí mò ń ta ọ̀dà ní Ìgbògbò, ọ̀dà ni wọ́n fi mú mi. Kò sí oníbàárà mi tí n kì í kìlọ̀ fún pé ògiri tó ń dán kọ́ ni ògiri tó dára, pé kí wọ́n fọwọ́ kan ilé wò kí wọ́n tó gbà á. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo dúró níwájú jíìpù dúdú kan níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Ìkòròdú, tó ń dán bíi bàtà sójà, mo gbàgbé ìkìlọ̀ ara mi. Mo yí i ká, mo rí ojú mi nínú ilẹ̀kùn rẹ̀, ojú náà sì wù mí.

Ọkùnrin tó ń tà á kì í sọ̀rọ̀ sókè. Ó ní ìyá àgbà òyìnbó kan ló ni ín tẹ́lẹ̀, pé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni ìyá náà ń gbé e lọ, ó sì máa ń rọra wà á nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Ohun tí ènìyàn bá fẹ́ gbọ́ kì í pẹ́ wọ etí. Nígbà tí mo gbé e délé tí mo ní kí wọ́n tú àwọn àga ẹ̀yìn kí wọ́n fọ̀ wọ́n, a rí awẹ́ obì lábẹ́ wọn, a rí tẹ̀sùbáà tó ti já, a rí ìgò òróró àdúrà àti ẹsẹ̀ kan bàtà ọmọdé. Ọkọ mi kó gbogbo rẹ̀ jọ sórí ìwé ìròyìn, ó wò ó títí, ó ní ìyá òyìnbó náà mọ Ọlọ́run lóòótọ́.

N ò kọ́kọ́ fẹ́ ọkọ̀ ńlá rárá. Ọkọ̀ kékeré tó lè gbé èmi, ọkọ mi àti garawa ọ̀dà díẹ̀ ti tó mi. Ìyá mi ló fa ọ̀rọ̀ jíìpù. Ẹ̀pẹ́ ló ń gbé, nínú agbo ilé tí wọ́n bí i sí, ẹja gbígbẹ ló sì ń tà títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣú. Awọ funfun kan ló bo ẹyinjú rẹ̀. Ojú òsì ló kọ́kọ́ lọ, ti ọ̀tún wá ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé bí mo bá wọlé, ìró ẹsẹ̀ mi ló fi ń mọ̀ mí. Wọ́n ti sọ fún wa ní ilé ìwòsàn ojú kan ní Ìkòròdú pé iṣẹ́ abẹ kékeré ni, pé wọ́n á ṣí awọ yẹn kúrò, yóò sì ríran padà. Àmọ́ wọ́n ní kí a má fi falẹ̀.

Ìyá mi ní òun gbọ́, òun á lọ. Ṣùgbọ́n ó ní kì í ṣe ọkọ̀ èrò ni yóò gbé òun lọ síbi tí wọ́n ti máa fi ọ̀bẹ kan ojú òun. Ọkọ̀ ọmọ òun ni. Ó sọ ọ́ fún mi, ó sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ fún gbogbo agbo ilé. Mo ní kí n háyà ọkọ̀ tó dára, ó ní ọkọ̀ tí a háyà kì í ṣe ọkọ̀ ọmọ. Mo ní kí n wá ra kékeré kan, ó ní òun ò lè ká ara òun bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dì sápò, pé orúnkún òun kò gbà á mọ́. Ọkọ̀ tí ènìyàn ń jókòó sí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á nà ni òun fẹ́. Léraléra ni mo bá ilé ìwòsàn ṣe àdéhùn, léraléra ni Ìyá mi sì ń béèrè lórí fóònù pé ọkọ̀ náà ńkọ́. Mo bínú, mo sunkún, mo tún bínú. Nígbà tó yá mo lọ ra jíìpù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́ fún yín. Ọkọ̀ mìíràn a máa mu epo, tèmi a máa gbé e mì. Ọmọbìnrin tó ń ta epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ti mọ̀ mí débi pé ó máa ń béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó fa rọ́bà epo jáde, a sì máa ń parí ọ̀rọ̀ nípa ìdílé tirẹ̀ náà kí táńkì tó kún. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mi kì í wálẹ̀, nítorí náà bí ọlọ́pàá bá dá mi dúró, àfi kí n ṣílẹ̀kùn kí n sọ̀kalẹ̀ pátápátá. Wọ́n rò pé ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé ẹ wo màdáàmù tó ní jíìpù tí kò gbéra ga.

Fèrè rẹ̀ tún ní ti tirẹ̀. Bí mo bá yí ọwọ́ ọkọ̀ sí òsì, kò sí nǹkan. Bí mo bá yí i sí ọ̀tún, yóò fọn fúnra rẹ̀. Obìnrin kan wà ní ìyànà wa, lọ́wọ́ ọ̀tún, tí èmi àti ẹ̀ ò ti bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti jà nítorí gọ́tà. Àràárọ̀ ni jíìpù mi ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó rò pé mò ń kí òun ni. Lọ́jọ́ kan ó jáde sí mi pẹ̀lú abọ́ mọ́ínmọ́ín, ó ní òun náà ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ̀hún, pé ènìyàn kì í bá ara rẹ̀ jà títí ayé. Mo gba mọ́ínmọ́ín. Mi ò lè sọ fún un pé wáyà ló làjà wa.

Ní ti ọjà, ojú mi rí nǹkan. Ata tí mo ti ń rà láti ọjọ́ tó pẹ́ gbówó lórí lọ́jọ́ tí mo gúnlẹ̀ síwájú ìyá aláta pẹ̀lú jíìpù. Mo ní ṣé èmi kọ́ ni oníbàárà rẹ ni? Ó ní èmi ni, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà òun lórí mi. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni mo máa ń gbé ọkọ̀ sí, màá sì fẹsẹ̀ rìn wọ ọjà bí ẹni tí ń bọ̀ láti oko.

Ọkọ mi, ará Ọ̀ṣun, olùkọ́ ni. Kò mọ ọkọ̀ wà, ìyẹn ni kò jẹ́ kó ṣe àṣìṣe kankan rí lójú títì. Bí jíìpù bá kọ̀ tí kò dáhùn, ohun kan náà ló máa ń sọ, pé kí n jẹ́ kó sinmi. Mẹ́káníìkì wa náà ò yàtọ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó yá yàrá sí òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi, bó bá sì ń sọ̀rọ̀ jíìpù, wàá rò pé ọ̀rọ̀ bàbá arúgbó kan ló ń sọ. Ó ní ara rẹ̀ ń gbóná, pé rédíétọ̀ rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́, kí n má di ẹrù lé e, kí n má kó èrò kún un, kí n má sì tan ẹ́síì bí ọ̀nà bá jìn. Mo ní mo gbọ́. Ẹ̀yin náà ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n mú Ìyá mi jáde sí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì wò ó láti orí bọ́nẹ́ẹ̀tì títí dé búùtù, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń yẹ aṣọ wò lọ́jà, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé tòkunbọ̀ ni. Ó yíjú sí àwọn ará ilé, ó ní ẹ wá wo ọkọ̀ tuntun tí ọmọ mi rà. Mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó ní kí n yéé rẹ ara mi sílẹ̀. Bó ṣe fẹ́ wọlé jókòó báyìí la rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gòkè dé ibi àtẹ̀gùn ọkọ̀. Mo ti ra jíìpù gíga fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Ọkọ mi ní òun ti rò ó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò bi òun. Àpótí ìdáná ni a gbé wá, ó tẹ̀ ẹ́, ó gun ọkọ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó sì ní ó kún ojú ìwọ̀n. Láti ọjọ́ náà ni àpótí yẹn ti di ara ọkọ̀.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo fi ẹnu ara mi kó ara mi sí wàhálà. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí wọ́n bá kí ọ kú oríire ohun tuntun, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í sọ pé tèmi ni. Gbogbo wa la ni ín ni yóò sọ. Ẹni tó kí ọ mọ̀ pé òun kọ́ ló ni ín, ìwọ náà mọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, olórí agbo ilé, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ṣe àdúrà lé ọkọ̀ náà lórí, ó sì kí mi kú oríire. Mo kúnlẹ̀, mo dáhùn bí wọ́n ṣe kọ́ mi.

"Ọkọ̀ gbogbo wa ni, Bàbá."

"A gbọ́," ni Bàbá wí.

Ó yẹ kí ara fu mí. Àgbà ilé wa kì í kàn ṣàdédé sọ pé a gbọ́. Kò pẹ́ tí fóònù mi fi bẹ̀rẹ̀ sí dún. Wọn kì í bi mí bóyá mo ráyè. Wọ́n á ní níbo ni ọkọ̀ wa wà. Mo fi jíìpù náà gbé ẹrù ìyàwó, mo fi gbé àga ìkómọ, mo fi gbé táńkì omi kan tí ìdí rẹ̀ yọ jáde ní búùtù láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́. Àbúrò ìyá mi obìnrin tilẹ̀ pè mí pé òun gbọ́ pé mo gbé ọkọ̀ wa lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo lọ ra ẹja ni. Mo tọrọ àforíjì, mo wá gbé fóònù kalẹ̀, mo wo ara mi nínú dígí pé ṣé orí mi pé.

Níkẹyìn, mo tún bá ilé ìwòsàn ṣe àdéhùn. Dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà kì í wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ìlú mìíràn ló ti ń wá, bó bá sì di ọ̀sán, ó ti ń palẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún mi pé bí a bá máa pẹ́, kí a má wulẹ̀ wá. Mo mọ ohun tí èyí jẹ́ fún wa. Bí àdéhùn yìí náà bá yẹ̀, Ìyá mi yóò sọ pé Ọlọ́run ló ní kí òun má lọ, kò sì sí ẹni tí yóò tún gbé e jáde nílé. Ojú ọ̀tún rẹ̀ kò sì dúró dè wá. Nígbà tí a lọ kí i gbẹ̀yìn, ó po tíì fún ọkọ mi, ó sì na kọ́ọ̀pù náà sí ògiri. Ọkọ mi sáré lọ dúró níbi ògiri yẹn kó tó gbà á. Ìyá mi ò mọ̀. Èmi lọ sẹ́yìnkùlé lọ nu ojú mi.

Èmi àti ọkọ mi sun Ẹ̀pẹ́ mọ́jú ọjọ́ náà. Nígbà tí mo kírun òwúrọ̀ tán tí mo jáde, jíìpù ti kún. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tì, wọ́n sì ti gba ibẹ̀ wọlé. Bàbá ti wà níwájú, ọ̀pá rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀, nítorí iwájú ni ipò àgbà. Àbúrò ìyá mi wà láàárín pẹ̀lú kúlà oúnjẹ, ó ní oúnjẹ ọsibítù kì í tó ènìyàn. Ìyàwó ọmọ Bàbá wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú àpò gaàrí tó fẹ́ gbé fún ọmọ rẹ̀ ní Ìkòròdú. Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó wọ fìlà pupa, tó kí mi dáadáa, tó sì ní òun á sọ̀ níwájú. Mo rò pé ará ilé Bàbá ni. Bàbá rò pé mọ́lẹ́bí ọkọ mi ni. Ọkọ mi, ẹni ìtìjú, ò bi í. Ní búùtù, apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ tí Ìyá mi fẹ́ fún dókítà ń rùn débi pé ẹja náà fẹ́ẹ̀ máa dá sí ọ̀rọ̀.

Mo ní kò yẹ kí gbogbo èrò yìí lọ. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilẹ̀ Yorùbá. Ta ló ń jẹ́ kí aláìsàn dá lọ sí ọsibítù? Mo gbé àpótí kalẹ̀, Ìyá mi gùn ún wọlé, ó jókòó ti àbúrò rẹ̀, a gbéra.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a jáde ní Ẹ̀pẹ́ tí Bàbá fi ní ooru mú òun, tó nawọ́ tan ẹ́síì. Mo rọra pa á. Ó tún tàn án. Mo ṣàlàyé ohun tí mẹ́káníìkì sọ. Ó ní ṣé mẹ́káníìkì ló ni ọkọ̀ wa ni? Mò ń wo ọ̀pá kékeré tó ń sọ bí ara ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, bó ṣe ń gòkè. Nígbà tí a fi máa dé ìtòsí ìyànà Àgbòwà, ọ̀pá náà ti fẹ̀yìn lélẹ̀ ní apá pupa, èéfín funfun sì ń yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo fi ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́ kan. Gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀, ẹnu wọn ò sì kò. Àbúrò ìyá mi ní epo ló tán. Ìyàwó ọmọ Bàbá ní ojú ayé ni. Ọkọ mi ní kí a jẹ́ kó sinmi, fún ìgbà àkọ́kọ́ ló sì jàre.

Mo pe mẹ́káníìkì. Ó ní kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ tutù, kí n wá rọra bu omi sí i, kí n sì máa lọ jẹ́jẹ́. Kí n pa ẹ́síì, kí n kó ẹrù àti èrò sílẹ̀, kó ku ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí n kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tó kú sí ni yóò sùn. Ọkùnrin onífìlà pupa ti wá omi dé láti abà kan kí n tó gbé fóònù kúrò létí. Mo sọ ohun tí mẹ́káníìkì wí fún wọn, mo sì ní mo bẹ̀ yín, ọkọ mi á bá yín wá ọkọ̀ tí yóò gbé yín. Kò sí ẹni tó mira. Bàbá kan ọ̀pá mọ́lẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ẹbí, ẹbí ló ń yanjú rẹ̀, kí a ṣe ìpàdé.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ṣe ìpàdé ẹbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́. Wọ́n fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé àpótí Ìyá mi jáde fún un, òun nìkan ló sì rí ibi jókòó. Ìyàwó ọmọ Bàbá ní ọmọ òun ti ń retí gaàrí. Àbúrò ìyá mi ní òun ò lè fi ẹ̀gbọ́n òun sílẹ̀, òun ò sì lè fi kúlà sílẹ̀. Bàbá ní òun kò lè sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹbí kí òun wá wọ ọkọ̀ èrò, kí àwọn ará Àgbòwà máa wo òun. Onífìlà pupa kín ọ̀rọ̀ Bàbá lẹ́yìn. Oòrùn ń gòkè, mo sì ń fojú inú rí dókítà tó ń palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ni Ìyá mi gbẹ́nu sí i. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tí ara ti tù.

"Ọkọ̀ ti ṣàmì fún wa. Ẹ jẹ́ ká padà sílé."

Gbogbo wọn ní ó dára, ó dára, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Wọ́n ti ń gbọn ẹ̀yìn aṣọ wọn. N ò mọ ìgbà tí ohùn mi jáde.

"Ọkọ̀ mi ni! Èmi nìkan ni mo rà á. N ò rà á fún gaàrí, n ò rà á fún kúlà, n ò rà á fún ìpàdé. Ojú ìyá mi ni mo rà á fún, ojú rẹ̀ ló sì máa gbé lọ lónìí."

Ẹnu mi ń bínú ni, orúnkún mi ti kúnlẹ̀ nínú iyanrìn láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Mò ń bú àgbà lókè, mò ń kí wọn nísàlẹ̀. N ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu ọmọ kankan nínú agbo ilé wa, ojú sì tì mí, ṣùgbọ́n n ò kó o jẹ. Bàbá wò mí, ó wo jíìpù, ó wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. Mo rò pé èpè ló ń bọ̀. Ìyá mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé o mọ̀ pé mo rò pé o ò ní rà á láéláé ni?"

N kò lóye. Mo béèrè ohun tó ń sọ.

"Ẹ̀rù ọ̀bẹ ló ń bà mí, ọmọ mi. Mo ní kí n béèrè ohun tí ọwọ́ rẹ ò ní tó, kí n lè ráyè jókòó sílé. Mo ní jíìpù. Ìwọ lo wá lọ ra jíìpù."

Àbúrò rẹ̀ la ẹnu sílẹ̀. Ọkọ mi yíjú sí oko ẹ̀gẹ́, èjìká rẹ̀ ń mì. Inú bí mi, àánú ṣe mí, ẹ̀rín gbọ̀n mí, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wá rántí gbogbo àdéhùn tó yẹ̀, mo rántí ilé epo, mo rántí ata. Bàbá ló sọ ọ́ parí. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ọkọ̀ ti lólúwa, kí wọ́n máa kó ẹrù sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpò rẹ̀ kúrò níwájú. Ìyá mi dìde, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú ṣinṣin, mo sì rí i pé ẹ̀rù náà kò tíì lọ.

"Gbé àpótí wá," ló ní.

Ọkọ mi dúró ti àwọn yòókù ní Àgbòwà. Mo gbọ́ pé wọ́n ṣí kúlà, wọ́n jẹun, ó sọ ìtàn Ọ̀ṣun fún wọn títí ọkọ̀ fi dé, láti ìgbà náà sì ni wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ. Èmi rọra ń wa jíìpù lọ, láìsí ẹ́síì, Ìyá mi níwájú, ó di bẹ́líìtì rẹ̀ mú. A ti lọ jìnnà kí n tó gbójú sókè wo dígí, mo rí fìlà pupa. Ọkùnrin náà wà lẹ́yìn pátápátá, ó ń sùn. N ò lè dúró mọ́. A gbé e dé ilé ìwòsàn, ó sì wúlò, nítorí òun ló di Ìyá mi lọ́wọ́ kan mú wọlé, tí mo di ìkejì mú, nígbà tí nọ́ọ̀sì ń bínú sí wa pé dókítà ti fẹ́ bọ́ ibọ̀wọ́. Ó dúró títí wọ́n fi gbé Ìyá mi jáde, ó kí wa kú ewu, ó bá tirẹ̀ lọ. Títí dòní, kò sẹ́ni nínú ẹbí wa tó mọ ẹni tó jẹ́.

Ilé mi ni Ìyá mi sùn, pẹ̀lú òwú funfun lójú ọ̀tún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a padà lọ kí wọ́n ṣí i. Wọn ò jẹ́ kí n wà níbẹ̀, nítorí jíìpù mi dí ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n ní kí n lọ gbé e kúrò. Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀ ni mo rí Ìyá mi tó ń bọ̀, ọkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi ò dì í mú. Ó dá rìn, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó sì yẹ òkúta kan tó wà lọ́nà sílẹ̀. Nígbà tí mo rí i tó yẹ òkúta yẹn, omi bọ́ lójú mi.

Ó dé ìdí jíìpù, ó dúró. Ó wo ibi tí ọ̀dà ti bó tí ìpẹtà sì ti jẹ ẹ́, ó wo bọ́ńpà tí mo fi okùn so, ó wo iná iwájú tó pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Ó ní ṣé èyí ni òun ti ń júwe ní tuntun fún gbogbo Ẹ̀pẹ́? Mo ní òun ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má gbé e gba iwájú ọjà ẹja mọ́, ó kéré tán títí àwọn ẹgbẹ́ òun náà ò fi ní ríran. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé bàtà rẹ̀ fẹ́ bọ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti bá a fà á wọ̀, ìborùn mi sì yọ́ bọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀rín rẹ̀ dáwọ́ dúró. Mo mọ ọwọ́ rẹ̀ lórí mi, ó ń la irun mi díẹ̀díẹ̀.

"Ìgbà wo lo hu ewú?"

"Ó ti pẹ́, Ìyá."

"Gbogbo rẹ̀ yìí?"

Mo ní gbogbo rẹ̀ ni. Ó gbé ojú mi sókè, ó wò ó, ó fi ọwọ́ tọ ibi tó ti hunjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi. Ó ní òun jókòó sílé nítorí ẹ̀rù, ọmọ òun wá ń darúgbó níwájú òun, òun ò rí i. Mo ràn án lọ́wọ́ gun ọkọ̀, mo gbé e gba ọ̀nà Ìgbògbò.

Ojú ọ̀nà ti yí padà láti ìgbà tó ti rí i gbẹ̀yìn. Mò ń fi ilé tuntun hàn án, mò ń fi ṣọ́ọ̀bù hàn án, kò yíjú sí i. Èmi ló kọjú sí nínú àga rẹ̀. Mo sọ fún un pé kó wo ọ̀nà, kó jẹ ìgbádùn ojú rẹ̀.

Ó ní ọ̀nà kì í hu ewú.